Ọpẹ́ Ojoojúmọ́ ní Ibi tí Ojúmọ́ Ti Ń Mọ́ Wá

Àwọn àgbà ilẹ̀ wa, tí wọn kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, ni wọ́n sọ ọ́ pé ẹni tí ó bá mọ inú rò ni yóò mọ ọpẹ́ dá. Bí a bá fi ara balẹ̀ wo òwe yìí, a ó rí i pé wọn kò sọ pé ẹni tí ó rí owó ni yóò dúpẹ́, wọn kò sọ pé ẹni tí ó bí ọmọ tàbí tí ó kọ́ ilé ni yóò dúpẹ́, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò sì sọ pé ẹni tí ara rẹ̀ le tí ọ̀nà rẹ̀ sì là ni yóò dúpẹ́. Inú ríro ni wọ́n fi ṣe ìyá ọpẹ́, wọ́n sì jẹ́ kí ó yé wa pé ibi tí ènìyàn kò bá ti ráyè ronú, bí oore tilẹ̀ kún ibẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, olúwa rẹ̀ yóò gbà á, yóò jẹ ẹ́, yóò nu ẹnu, yóò sì máa bá tirẹ̀ lọ. Èyí ni ó mú kí ọ̀ràn ọpẹ́ ṣòro fún wa lónìí ju bí ó ti ṣòro fún àwọn baba wa lọ: oore kò dín kù lójú mi, àyè àtironú ni ó dín kù.

Ẹ wo bí ọ̀sẹ̀ ti ń lọ ní Ilé-Ifẹ̀ wa yìí, Ifẹ̀ Oòdáyé, orírun gbogbo Yorùbá, ibi tí ojúmọ́ ti ń mọ́ wá. Láti ìdájí ọjọ́ Ajé ni kẹ̀kẹ́ Màrúwá ti ń du ọ̀nà mọ́ ọkọ̀ akérò lọ́wọ́ ní Lágéré, tí àwọn ọlọ́jà ń já èso àti ẹ̀fọ́ sílẹ̀ ní Odò-Ogbè, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń rọ́ gììrì wọ ọkọ̀ tí ń lọ sí ọgbà Yunifásítì, tí nọ́ọ̀sì tí ó fi gbogbo òru dúró ti aláìsàn ń wọ́ ẹsẹ̀ bọ̀ wá sílé, tí tíṣà sì ń fi ọwọ́ kan di bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀, tí ó ń fi ọwọ́ kejì ti ọmọ jáde nílé. Kí ojú tó mọ́, kí ó tó ṣú, ọjọ́ Ẹtì ti dé; ọjọ́ Àbámẹ́ta sì ti kún fún ìsìnkú àti ìgbéyàwó tí a kò gbọ́dọ̀ ṣàìyọjú sí. Bí a bá bi ọ̀pọ̀ nínú wa léèrè ní alẹ́ ọjọ́ náà pé kí ni ojú wa rí ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, a kò ní í rí nǹkan kan sọ. A lo ọjọ́ náà tán, ṣùgbọ́n a kò gbé inú rẹ̀.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ni èyí: ẹni tí iṣẹ́ gbà lọ́kàn báyìí, ṣé ó lè dúpẹ́ ní òdodo, àbí kí ó fi ọpẹ́ rẹ̀ pamọ́ di ọjọ́ ìsinmi? Ọ̀pọ̀ ènìyàn rere ni ó ti fi ìwà dáhùn pé kí ó di ọjọ́ ìsinmi. Wọn a kó gbogbo oore ọ̀sẹ̀ jọ, wọn a gbé e lọ sí ilé ìsìn, wọn a sì fi gbólóhùn kan ṣoṣo san án, pé àwọn dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa fún ohun gbogbo. Èmi kò kẹ́gàn irú àdúrà bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tí ó tilẹ̀ rántí wá sàn ju ẹni tí ó gbàgbé pátápátá lọ. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá ń dúpẹ́ fún ohun gbogbo láìdárúkọ ohun kan, kì í pẹ́ kí ó tó máa dúpẹ́ láìmọ ohun tí ó ń dúpẹ́ lé lórí. Ẹnu rẹ̀ yóò máa lọ, inú rẹ̀ kò ní í bá a lọ. Ohun tí mo gbàgbọ́ ni pé ẹnu iṣẹ́ gan-an ni ọpẹ́ ti yẹ ènìyàn, nígbà tí oore náà ṣì gbóná lọ́wọ́ tí ẹni tí ó ṣe é kò sì tíì kọjá lọ.

Àwọn tí ó tẹ ìlú yìí dó kò fi ọpẹ́ ti di òpin ọ̀sẹ̀, áńbọ̀sìbọ́sí òpin ọdún. Àwọn àgbà Ifẹ̀ a máa sọ ọ́ pé nínú gbogbo ọjọ́ tí ó wà nínú ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo péré ni a kì í bọ òrìṣà kan tàbí òmíràn ní Ifẹ̀, ìlú irinwó irúnmọlẹ̀ ó lé ọ̀kan. Gbogbo èyí tí ó kù, ọjọ́ ọdún ni wọ́n. Ọ̀sẹ̀ tiwọn kò sì gùn: ọjọ́ mẹ́rin ni, ọjọ́ Ọbàtálá, ọjọ́ Ifá, ọjọ́ Ògún, àti ọjọ́ Jàkúta tí í ṣe ti Ṣàngó, a sì ń ka ìyípo rẹ̀ sí ọrún nítorí pé a ń ka ọjọ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọjọ́ tí a padà sí. Àgbẹ̀ tí ń kọ ebè, alágbẹ̀dẹ tí ń fín iná, aláró tí ń rẹ aṣọ sínú ìkòkò, kò sí ẹni tí ọ̀sẹ̀ rẹ̀ yóò yí po láìjẹ́ pé ó gbé omi tútù àti obì síwájú ohun tí ó gbàgbọ́, kí ó sì bá a sọ̀rọ̀ ohun tí ojú rẹ̀ ti rí. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ni ó mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. A ti pa òwe yìí títí tí a fi rò pé ìbẹ̀rù ọ̀la nìkan ni ó wà nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, babaláwo tí ó bá jókòó ti ọpọ́n Ifá ní Òkè Ìtasẹ̀, kí ó tó béèrè ohun tí ń bọ̀, yóò kọ́kọ́ júbà Olódùmarè, yóò júbà ilẹ̀, yóò júbà àwọn tí ó kọ́ ọ níṣẹ́, àwọn tí ó ti kú àti àwọn tí ó wà láàyè. Ìdúpẹ́ ohun àná ni ilẹ̀kùn tí ó ń gbà wọ inú ọ̀rọ̀ ọ̀la.

Òtéńté gbogbo ọjọ́ ọdún Ifẹ̀ ni ọdún Ọlọ́jọ́, tí ó máa ń bọ́ sí ìgbà tí oṣù Sẹ́tẹ́ńbà bá ń parí lọ tàbí tí Ọkitóbà bá ń wọlé. Tilé toko ni í wá wo Ọọ̀ni, Àrólé Oòduà, nígbà tí Kábíyèsí bá jáde kúrò ní ìsémọ́lé, tí ó dé adé Àrè, tí ó sì ń lọ sí Òkè Mọ̀gún láti bọ Ògún. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wú mi lórí jù nínú ọdún náà ni Gbàjúrè tí ó ṣáájú, nígbà tí àwọn obìnrin ìdílé Ọọ̀ni, ti ìhà ìyá àti ti ìhà baba, bá mú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ láti gbá ààfin mọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rò ó wò. Ohun tí gbogbo abiyamọ ń mú lọ́wọ́ lówùúrọ̀, ohun tí ọmọdé ń sá fún, tí a kì í tilẹ̀ kà mọ́ ẹrù ilé, òun ni a fi ń ṣí ọ̀nà fún ọdún tí a fi ń kí ẹni tí ó ni ọjọ́. Ẹni tí ó kọ́kọ́ fi ìgbálẹ̀ síbẹ̀ mọ ohun tí ó ń ṣe: ó fẹ́ kí a mọ̀ pé iṣẹ́ òòjọ́ kò dínà mọ́ ọpẹ́ òòjọ́, inú rẹ̀ ni ó ti ń jáde.

Ọgbọ́n kan náà ni ó wà nínú ìkíni wa. Ẹni tí ó bá kọjá lójú oko yóò kí àgbẹ̀ pé àroko bọ́dún dé o. Ẹni tí ó bá yà ní ìdí aró yóò ní àrẹ̀dú o. Ẹni tí ó bá bá onídìrí níbi tí ó gbé ń dirun yóò ní ojú gbooro o. Ọdẹ tí ó bá sì ń wọ igbó lọ yóò gbọ́ àrìnpa. Ẹni tí ń kíni kò dá oníṣẹ́ dúró. Bí ó ti ń kọjá ni ó ń kí, bí oníṣẹ́ ti ń ṣiṣẹ́ ni ó ń dáhùn, ebè kò dúró, irun kò tú. Àwọn baba wa sì ṣiṣẹ́ púpọ̀ jù wá lọ, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé wọ́n dúpẹ́ nítorí pé ọwọ́ wọn dilẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ti oore àná. Ẹni tí a fún ní iṣu lánàá, tí ó sì ti dúpẹ́ lánàá, yóò tún dé ní òwúrọ̀ yìí láti kí ni kú oore àná, nítorí ẹni tí ó bá dúpẹ́ oore àná ni yóò rí òmíràn gbà, àti nítorí pé oore tí ó ti sùn mọ́jú nínú ọkàn ẹni ni a tó mọ bí ó ti tóbi tó. Ó dùn mí pé àṣà yìí ń lọ, tí a sì ń fi etí tí fóònù ti dí kọjá lára ara wa ní ojú pópó, ọmọ ìyá kan náà tí kò mọ ohun tí ọmọ ìyá rẹ̀ ń ṣe lọ́wọ́.

Àwọn ẹ̀sìn méjì tí ó wá bá wa nílé kò yàtọ̀ sí ti baba wa ní ọ̀nà yìí, bí a bá gbọ́ wọn ní àgbọ́yé. Mùsùlùmí tí kò bá jẹ́ kí ìrun márààrún ọ̀ranyàn fo òun yóò ka Fátíhà, tí ìyìn Ọlọ́run ni ó fi bẹ̀rẹ̀, ní ìgbà 17 láàárín òwúrọ̀ sí alẹ́. Àílà àti Àlàásárì sì bọ́ sí àárín ọjà gan-an, nígbà tí owó ń wọlé. Ní ti àwọn ọmọlẹ́yìn Kristi, ìtàn àwọn adẹ́tẹ̀ mẹ́wàá tí Lúùkù kọ sílẹ̀ ni mo máa ń padà sí. Jésù rán wọn pé kí wọ́n lọ fi ara wọn han àwọn àlùfáà, bí wọ́n sì ti ń lọ ni ara wọn dá. Ọ̀kan ṣoṣo, tí í ṣe ará Samáríà, ni ó yí padà wá dúpẹ́. A ti fi àwọn mẹ́sàn-án ìyókù bú títí, a sì ti sọ wọ́n di aláìmoore paraku. Ṣùgbọ́n ẹ tún ìtàn náà kà. Iṣẹ́ tí a rán wọn ni wọ́n ń jẹ́! Wọn kò jalè, wọn kò yà sí ilé ọtí, wọn kò ṣe àìgbọràn. Ọ̀nà tí a ní kí wọ́n tọ̀ ni wọ́n ń tọ̀, wọ́n sì ń yára. Iṣẹ́ rere ni ó gba ọpẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ìyẹn ni ó fi ń dẹ́rù bà mí, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wa tí ọ̀sẹ̀ ń gbá lọ kì í ṣe ènìyànkénìyàn. A ń jẹ́ iṣẹ́ tí a rán wa ni, fún ọmọ, fún ọ̀gá, fún ìjọ. Ará Samáríà náà kò dé ọ̀dọ̀ àlùfáà kí ó tó rántí. Ojú ọ̀nà ni ó ti wo ara rẹ̀, tí ó rí i, tí ó sì yí ẹsẹ̀ padà.

Kí ọ̀rọ̀ mi má baà rí bí ti àwọn tí ń dúpẹ́ fún ohun gbogbo, ẹ jẹ́ kí n mú ohun kan ṣoṣo. Ẹ jẹ́ kí a mú ẹ̀kọ tí a ń rà ní kùtùkùtù, tí a ń fi àkàrà gbígbóná jẹ ní ìdúró, tí ojú wa ń wo ibi tí ọkọ̀ yóò ti yọ. Ẹ̀kọ yẹn ti gbéra kí ọ̀sẹ̀ náà tó bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan gbin àgbàdo, ó ṣọ́ ọ lọ́wọ́ ọ̀yà àti ẹyẹ, ó ya á, ó sá a gbẹ. Ẹlòmíràn rà á lọ́jà, ó rù ú délé, ó rẹ ẹ́ sínú omi fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta títí ó fi rọ̀ tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kan. Ó gbé e lọ sí ìdí ẹ̀rọ, ó dúró de ẹni tí ó ṣáájú rẹ̀. Ó fi aṣọ sẹ́ ẹ, èèrí bọ́ sí apá kan fún ewúrẹ́, ògì sì silẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ó da omi orí rẹ̀ nù, ó sì dá iná nígbà tí gbogbo àdúgbò ṣì ń hanrun. Ó rò ó tí èéfín fi fa omi jáde lójú rẹ̀, ó sì ń pọ́n ọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ewé tí ẹlòmíràn já wá láti inú igbó, tí ẹlòmíràn sì tún dì ní ìdì ìdì kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àwọn tí ọwọ́ wọn kan ẹ̀kọ kan ṣoṣo yìí lè kún yàrá kan, a kò sì ní í mọ orúkọ ẹnì kan nínú wọn. A fi ìṣẹ́jú díẹ̀ jẹ ẹ́ tán, a ju ewé nù, a wọ ọkọ̀. A ti san owó, a sì rò pé owó ti parí ọ̀ràn. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Owó san iye ẹ̀kọ. Kò san ti òru tí a kò sùn, ìyẹn ṣì wà lọ́rùn wa.

Àwọn kan yóò ní Ọlọ́run ni ó yẹ kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, pé ẹlẹ́kọ ti gba owó rẹ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n èmi kò tíì rí ibi tí Olódùmarè, Ọba atẹ́rẹrẹ-káyé, ti sọ̀kalẹ̀ wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu oúnjẹ fún ẹni tí ebi ń pa. Ènìyàn ni ó ń rán, ènìyàn sì ni ó ti ń rán láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ènìyàn laṣọ mi, ni Yorùbá ń wí. Bí ọba bá rán oníṣẹ́ sí ni, tí a kọjá lára oníṣẹ́ náà láìkí i, tí a sì gba ààfin lọ pé ọba ni a fẹ́ kí, ojú wo ni a ó fi gbà wá lọ́hùn-ún?

Ohun mìíràn tí ó ń ṣe wá ni pé a kì í rí oore títí a ó fi pàdánù rẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù Fẹ́búárì ọdún 2022 ni ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ Yunifásítì ilẹ̀ wa bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì tí kò parí títí di ọjọ́ 14 oṣù Ọkitóbà, oṣù mẹ́jọ gbáko. Ẹni tí ó bá wà ní Ifẹ̀ nígbà náà kò nílò kí a ròyìn fún un. Àwọn onílé tí ń gba owó lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, àwọn olóúnjẹ, àwọn tí ń fi ẹ̀rọ da ìwé kọ, àwọn ọlọ́kọ̀ tí ń ná ojú ọ̀nà ọgbà náà, gbogbo wọn ni ó mọ̀ ọ́n lára. Ariwo àwọn ọmọ náà, tí a ti ń ráhùn rẹ̀ tipẹ́tipẹ́, di ohun tí etí ń wá. Nígbà tí wọ́n padà dé tẹrù tẹrù, ẹ̀rín ni ẹnu gbogbo ọlọ́jà. Ìdùnnú náà kò pẹ́ lọ títí. Àdánù a máa là wá lójú, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ kí ojú náà tó tún pa dé, ẹni tí ó bá sì ń dúró de àdánù kí ó tó dúpẹ́ yóò máa ra ìmọ̀ ní ọ̀wọ́n.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò bi mí pé ọpẹ́ kín ni mo ń sọ nígbà tí ọjà gbówó lórí, tí owó oṣù kò sì dúró di ìdajì oṣù. Yóò ní ṣé kì í ṣe irú ọpẹ́ báyìí ni àwọn alágbára fi ń rọ́ wa sùn? Ìbéèrè gidi ni, a kò sì gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ìdáhùn mi ni pé ẹni tí ó mọ iye òru tí ẹlẹ́kọ kò sùn ni yóò kọ́kọ́ bínú nígbà tí a bá rẹ́ ẹlẹ́kọ jẹ. Ẹni tí kò rí i rí kò lè gbèjà rẹ̀. Bí a ti ń sunkún, bẹ́ẹ̀ ni a ń ríran. Ọpẹ́ tí ó sọ wá di ẹni tí kò lè béèrè ẹ̀tọ́ kò ní inú ríro nínú, òwe àwọn àgbà sì ti ya ara rẹ̀ kúrò lára rẹ̀.

Mo tún gbà pé àwọn ọjọ́ kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ sọ fún ènìyàn pé kí ó dúpẹ́. Láàárín ọdún 1997 sí ọdún 2000, ìjà tí ó ti wà láàárín Ifẹ̀ àti Mọdákẹ́kẹ́ láti ayé àwọn baba ńlá wa tún rú, ọ̀ràn ibi tí a ó fi olú ìjọba ìbílẹ̀ sí sì wà lára ohun tí ó dá a sílẹ̀. Ilé jó, ọ̀dọ́ kú, ní ìhà ọ̀tún àti ní ìhà òsì. Ta ni yóò dúró níwájú ìyá tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ sin ọmọ, kí ó ní kí ó ka oore Ọlọ́run? A kì í bá ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn èèyàn wa a jókòó tì í, wọn a bá a dákẹ́, wọn a kí i kú ará fẹ́ra kù. Ṣùgbọ́n lónìí, obìnrin kan lè gbé igbá ata kúrò ní Mọdákẹ́kẹ́, kí ó rìn wọ Lágéré, kí ó tà á tán, kí ó sì padà sílé ní ìrọ̀lẹ́ láìbojú wẹ̀yìn, àwọn ọmọ tí a bí lẹ́yìn ìjà náà kò sì mọ̀ pé ẹ̀rù wà ní ojú ọ̀nà yẹn rí. N kò fẹ́ kí wọ́n mọ ẹ̀rù náà. Àwa tí a mọ̀ ọ́n ni mo ń bá wí, àwa tí a ń gba ibẹ̀ kọjá lójoojúmọ́ tí ohun kan ṣoṣo tí a ń rí níbẹ̀ kò ju súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ lọ.

Gbèsè kan kù tí ó ń jẹ mí lọ́kàn. Nígbà tí Yunifásítì tí ó ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1962 kó wá sí Ifẹ̀ ní ọdún 1967, ní ayé Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí, orí ilẹ̀ tí àwọn àgbẹ̀ Ifẹ̀ ti ń jẹ ni a tẹ́ ọgbà rírẹwà náà sí. A mọ orúkọ Arieh Sharon, ará Ísírẹ́lì tí ó ya àwòrán àwọn ilé rẹ̀. A mọ orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí a fi ń pe ọgbà náà láti ọdún 1987. Àwọn tí oko wọn wà níbẹ̀ rí ńkọ́? Àwọn wo ni ó mọ ibi tí omi wà, tí ó mọ igi tí a kì í gé, tí ó sì kó àdá àti ọkọ́ wọn lọ síwájú kí ìwé lè ráyè? Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti sùn. Ṣùgbọ́n àwọn àgbẹ̀ ṣì wà nínú àwọn abúlé tí ó yí ọgbà náà ká, a sì máa ń pàdé wọn ní ọjọ́ iṣẹ́, nígbà tí ojú ń kán wa, tí wọ́n ru ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí tí wọ́n gbé àpò kòkó sórí ọ̀kadà. Ohun tí a ó wí fún wọn kò gùn: ẹ kú oko o, àroko bọ́dún dé, ilẹ̀ àwọn bàbá yín ni àwọn ọmọ wa jókòó lé lórí kàwé.